Kọ́là, bẹ́líìtì àyà àbí ìjánu: èwo lẹ máa fi mú ajá tàbí àgbò rìn jẹ́jẹ́?

Láàárọ̀ kùtù ní Ìbarà Housing tàbí lápá Òkè-Ìlèwó l'Abẹ́òkúta, ẹ ó rí àwọn tó ń mú ajá wọn jáde. Ẹ wò wọ́n dáadáa: ajá ló ń mú ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde. Okùn á le bí ọṣán, ajá á máa hu lọ́fun bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú, ẹni tó dì í mú á fẹ̀yìn tì, bàtà rẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀. Tó bá wá ku ọ̀sẹ̀ méjì sí Iléyá, òdìkejì rẹ̀ lẹ máa rí lójú títì Lafẹ́nwá: àgbò ti fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gúnlẹ̀, kò lọ, kò bọ̀, ọmọdé méjì ń fa okùn ọrùn rẹ̀, ẹnì kan ń tì í nídìí, ọlọ́kadà ń fọn fèrè lẹ́yìn wọn.

Ohun kan náà ló ń ṣe ajá àti àgbò yẹn. Ẹranko tí nǹkan bá fà, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sí òdìkejì ibi tí wọ́n fà á sí. Ẹ fa ajá sẹ́yìn, á tẹ̀ síwájú. Ẹ fa àgbò síwájú, á fìdí tì sẹ́yìn. Ti ajá tún ní èrè nínú: ó ń fà, ẹ ń tẹ̀lé e, ó sì ń dé ìdí igi tó fẹ́ lọ gbóòórùn. Lójú tirẹ̀, fífà ni ìrìn. Nítorí náà, tí ẹ bá dúró níwájú ẹni tó ń ta ohun èlò ẹran ọ̀sìn, ẹ má bèèrè èyí tó lágbára jù. Ẹ bèèrè èyí tí kò ní jẹ́ kí fífà lérè, tí kò sì ní pa ẹran lára. Ojú yẹn la fi wo gbogbo wọn nísàlẹ̀ yìí.

Ti ọrùn: kọ́là pẹlẹbẹ àti ṣéènì tó ń fún

Kọ́là pẹlẹbẹ, tí àwọn mìíràn ń pè ní bẹ́líìtì ọrùn, gbogbo ajá ló yẹ kó ní i, ohun yòówù kí ẹ máa fi mú un jáde. Ara rẹ̀ lẹ ó kọ nọ́ńbà fóònù yín sí, kí ajá tó bá já lè rí ẹni dá a padà. Fún ajá ìbílẹ̀, èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 ti tó. Fún àwọn ajá ńlá bíi Rottweiler, Boerboel àti Caucasian, ẹ wá èyí tó tó sẹ̀ǹtímítà 4, torí bí kọ́là bá ṣe tín-ín-rín tó ni yóò ṣe máa gé ọrùn tó. Ẹ dì í, kí ẹ wá ti ìka méjì bọ abẹ́ rẹ̀. Bí ìka méjì kò bá wọlé, ó fún jù. Bí gbogbo ọwọ́ bá wọlé, ajá á yọ orí lọ́jọ́ tí ọ̀kadà kan bá dún pàù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ajá ìbílẹ̀ ló mọ yíyọ orí yìí ṣe jù, nítorí orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ọrùn rẹ̀ lọ. Kì í sá síwájú. Ẹ̀yìn ló máa ń fà sí, kọ́là á sì gba etí bọ́ jáde. Ẹ dán an wò nílé: ẹ fi ọwọ́ fa kọ́là náà síhà etí. Tó bá fẹ́ kọjá, ẹ fi ihò kan dín in. Ti ọmọ ajá, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ọrùn ń tóbi, kọ́là kì í tóbi. Èyí tí wọ́n gbàgbé sọ́rùn máa ń rì sínú ẹran ara, ó wá di iṣẹ́ dókítà ẹranko.

Ibi tí kọ́là pọ́ọ́kú ti máa ń já kì í sábà jẹ́ ara aṣọ rẹ̀. Òrùka rẹ̀ ni. Ẹ fi èékánná tọ òrùka náà yípo. Tí èékánná bá kọ́ ojú ibì kan tó là, irin tí wọ́n kàn tẹ̀ ni, ajá tó wúwo á fà á ṣí. Èyí tí wọ́n jó pa ni kí ẹ mú. Tí kò bá sì sí èyí tó bá ajá yín mu lọ́jà, ẹ wá bẹ́líìtì ọkọ̀ àlòkù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pààtì, ẹ gbé e lọ fún aránbàtà. Fífẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà 5, kì í tètè já, kì í sì í gé ọwọ́. Kí ó rán ojú ibi tí òrùka wà ní àgbélébùú nínú àpótí, kì í ṣe ìlà kan gbọọrọ. Ìlà kan ṣoṣo ló máa ń tú tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣéènì tó ń fún, èyí tó ní òrùka lórí méjèèjì, tí wọ́n gba inú ọ̀kan yọ ṣéènì, ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. A mọ ìdí tí wọ́n fi ń rà á: kò wọ́n, ajá kò lè gé e jẹ, ó sì ń mú ajá dà bí ajá gidi lójú aládùúgbò. Bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n lò ó ni pé kí ẹ fà á fìrí lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì tú lójú ẹsẹ̀. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú títì ni pé ajá ń fà, ṣéènì ń fún, kò sẹ́ni tó ń tú u, láti ẹnu géètì títí wọ́n á fi padà. Ọ̀nà ọ̀fun ló ń tẹ̀. Ajá á máa wúkọ́, ojú á pọ́n, nítorí ìfúnpá inú ẹyinjú pẹ̀lú máa ń lọ sókè bí wọ́n bá fún ọrùn. Ọ̀pọ̀ ló tún ń wọ̀ ọ́ sódì. Tí ajá bá ń rìn lápá òsì yín, tí ẹ sì kọjú sí i láti wọ̀ ọ́ fún un, kí ṣéènì náà rí bíi lẹ́tà P lọ́wọ́ yín. Tó bá yí padà bíi 9, kò ní tú, bí ẹ tiẹ̀ dẹ okùn. Ẹ má sì fi so ajá mọ́lẹ̀ kí ẹ wọlé lọ; ibi tó bá ti kọ́ géètì, ó lè fún ara rẹ̀ pa.

Nínú àwọn méjèèjì, kọ́là pẹlẹbẹ la ó mú. Ṣùgbọ́n ajá tó ń fà gan-an, kọ́là pẹlẹbẹ náà á ṣe é lọ́fun, a ó kàn ní kò burú tó ti ṣéènì ni. Irú ajá bẹ́ẹ̀, ẹ kúrò lọ́rùn rẹ̀ ná.

Ti àyà: òrùka lẹ́yìn, òrùka níwájú

Bẹ́líìtì àyà, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní háńẹ̀ẹ̀sì, kò kan ọ̀fun. Àyà àti èjìká ló ń gba agbára okùn. Ibi tí òrùka wà lára rẹ̀ ló ya ọ̀kan sọ́tọ̀ sí èkejì, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń ra ohun tí kì í ṣe tiwọn.

Ní àwọn ìlú òtútù tí ajá ti ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín, bẹ́líìtì àyà tí wọ́n so okùn mọ́ lẹ́yìn ni wọ́n ń wọ̀ fún wọn, kí wọ́n lè rí agbára fà dáadáa. Ẹni tó lọ ra olórùka ẹ̀yìn fún Boerboel oṣù mẹ́jọ ti ra nǹkan iṣẹ́ fún un nìyẹn: á fi gbogbo àyà fà á dé Kútọ̀, kò ní wúkọ́, kò sì ní rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ fún ajá kékeré, ajá tó ti dàgbà, ajá onímú pẹ́ńpẹ́, ajá tí ọ̀fun ń yọ lẹ́nu, tàbí èyí tó ti mọ ìrìn tẹ́lẹ̀, kò sí èyí tó rọrùn tó o láti wọ̀ àti láti bọ́.

Òrùka níwájú, lórí igbá àyà, ló ń yí ọ̀rọ̀ padà. Bí ajá bá fà, okùn á gbé àyà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á bá ara rẹ̀ níbi tó kọjú sí yín. Kò dùn ún, ṣùgbọ́n kò dé ibi tó ń lọ. Fún ajá tó ń fà, òun la ó kọ́kọ́ mú, kódà kí ẹni tó dì í mú má fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Àléébù rẹ̀ mẹ́ta ni ẹ máa rí. Okùn máa ń kọ́ ẹsẹ̀ iwájú tó bá gùn jù tàbí tí ẹ dẹ ẹ́ jù. Bẹ́líìtì náà máa ń rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí kò bá fún dáadáa. Èyí tó burú jù ni pé ó máa ń bó abẹ́ apá: tí ọjá tó gba abẹ́ kọjá bá súnmọ́ ìgúnpá, irun ibẹ̀ á kọ́kọ́ jẹ, awọ á wá pọ́n. Kí ọjá yẹn jìn sí ìgúnpá tó ìbú ìka mẹ́ta.

Ẹ má fi ojú díwọ̀n rà á. Ẹ fi téèpù aránṣọ wọn àyà ajá yípo ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú, níbi tó tóbi jù, kí ẹ mú ìwọ̀n náà dání lọ sọ́jà. Níbi gbogbo tí ọjá bá gbà, ìka méjì ni kó wọlé. Èyí tí wọ́n fi tìmùtìmù nípọn sí lẹ́yìn ń wuni, àmọ́ nínú ooru oṣù Kẹta nílùú yìí, ẹ̀wù òtútù lẹ wọ̀ fún ajá. Èyí tó rí bí àwọ̀n ni kí ẹ wá. Bọ́ ọ tí ẹ bá délé: abẹ́ bẹ́líìtì tó tutù ni eégbọn ń fara pamọ́ sí, ara ajá á sì máa yún un.

Ajá tó mọ fífà sẹ́yìn lè bọ́ nínú bẹ́líìtì àyà pẹ̀lú. Ẹ fi okùn kúkúrú kan, tó ní ìkọ́ lójú méjèèjì, so òrùka àyà mọ́ òrùka kọ́là. Tí ọ̀kan bá bọ́, èkejì á mú un.

Ìjánu ajá, tó ń gba orí imú kọjá sí ẹ̀yìn etí, wà fún ajá ńlá tí ẹni tó ń mú un kò tó o. Ó ń ṣiṣẹ́, torí ibi tí orí bá yí sí lara ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ lọ́jà wa, ó ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ajá tó gbà á sójú, ẹ kò sì gbọdọ̀ fà á fìrí rárá, kí ọrùn má baà rọ́. Àwọn èèyàn á sì rò pé ajá yín ń gé èèyàn jẹ. Inú àwọn mìíràn a máa dùn sí ìyẹn.

Okùn

Mítà 1.5 sí 1.8 ló tó: ó gùn tó láti dẹ̀, kò gùn tó láti dé àárín títì. Ti aṣọ tàbí awọ, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2 fún ajá ńlá, ló dára jù lọ́wọ́. Okùn ṣéènì wúlò fún ajá tó ń gé okùn jẹ nìkan. Ó wúwo, ó ń dípẹtà, ó sì ń bó àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó ń ka ara rẹ̀ jọ sínú ike, ẹ fi í sílẹ̀ tí ẹ bá ń kọ́ ajá: ìgbà gbogbo ló ń fa ajá díẹ̀díẹ̀, ajá náà á sì kọ́ pé òun gbọ́dọ̀ fà kí okùn tó gùn. Bó bá sì sáré jáde síwájú ọ̀kadà, ẹ kò lè fi ọwọ́ gbá okùn tín-ín-rín yẹn mú kó má gé yín.

Dúró bí òpó, àbí yí padà?

Bẹ́líìtì kì í kọ́ ajá. Ẹ̀yin lẹ ó kọ́ ọ, ọ̀nà méjì ló sì wọ́pọ̀.

Ti àkọ́kọ́, ẹ ń lọ, okùn le, ẹ dúró gbọn-in. Ẹ má fà, ẹ má bá a wí. Ìgbà tí okùn bá dẹ̀, ì báà jẹ́ pé ńṣe ló kàn wẹ̀yìn, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ ti yàn, bíi “ó káre”, ẹ fún un ní ẹ̀bùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan yín, kí ẹ tún gbéra. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ lè lo ìṣẹ́jú 10 láti ẹnu ọ̀nà dé géètì. Ó dára fún ọmọ ajá àti fún ẹni tó ní sùúrù. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé bàbá dúró láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n jẹ́ kó fà lálẹ́. Ajá tí fífà ń jẹ fún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan dà bí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́: jíjẹ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kó ṣíwọ́.

Ti èkejì, ẹ kò ní dúró de ìgbà tí okùn á le. Bí èjìká ajá bá ti kọjá orúnkún yín, ẹ pè é, kí ẹ yí padà sí ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Tó bá lé yín bá, ẹ̀bùn. Ọ̀nà yìí bá ajá tí ara rẹ̀ gbóná mu, irú èyí tó lè dúró fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wo igbó láì bojú wẹ̀yìn tí ẹ bá ṣe bí òpó. Ó ń fẹ́ àyè: pápá tàbí òpópónà tí ọkọ̀ kì í gbà. Etí títì Pánṣẹ́kẹ́ kò gbà á. Tí ẹ bá sì ń já okùn gbà lọ́wọ́ ajá bí ẹ ṣe ń yí, ṣéènì tó ń fún lẹ tún fi ọ̀nà ẹ̀yìn mú wọlé.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi ti òpó bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà ilé, kí ẹ fi ti yíyí padà kún un níta. Ìṣẹ́jú 5, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ó tó jẹun. Ẹ̀dọ̀ bíbọ̀ tàbí ẹja gbígbẹ ni ẹ̀bùn, kó má ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Ẹ má fún un ní súyà: àlùbọ́sà inú rẹ̀ jẹ́ májèlé fún ajá. Tí ẹ bá ti rin ìgbésẹ̀ 20 nínú ọgbà láìjẹ́ pé okùn le, ẹ ṣí géètì. Tó bá bà jẹ́ níta, ẹ ti yára jù; ẹ padà sínú ọgbà fún ọjọ́ méjì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nǹkan méjì kí ẹ tó jáde. Ajá tó ń rìn ìgboro gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Láti oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń gbà á, kí wọ́n sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Dókítà ẹranko tó súnmọ́ yín á gún un, ilé ìwòsàn ẹranko yunifásítì FUNAAB ní Alábàtà náà sì wà níbẹ̀. Èkejì, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé títì kí ẹ ka ení dé èje. Tí ẹ kò bá lè fara dà á, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà kò lè fara dà á. Àpáta ìlú yìí máa ń di ooru mú di àṣálẹ́, nítorí náà àárọ̀ ló dára jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àgbò àti ewúrẹ́

Ti ẹsẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀: okùn ẹsẹ̀ wà fún síso mọ́lẹ̀, kì í ṣe fún ìrìn. Ẹran á ṣubú, oríkèé á rọ́.

Okùn ọrùn tó ewúrẹ́ ìbílẹ̀, nítorí ewúrẹ́ tètè ń mọ èèyàn, kò sì wúwo. Kọ́là tó fẹ̀ ni kó jẹ́, tàbí kókó tí kì í yọ́. Kókó tó ń yọ́ ló ń pa ewúrẹ́ tó bá fo fẹ́ǹsì. Àgbò Òkè Ọya kò ṣe é mú lọ́rùn: ọrùn ni agbára rẹ̀ wà, ibi tó lágbára jù lẹ dì mú yẹn. Okùn ìwo sàn jù ú lọ, torí ó ń mú orí, ó sì tó fún ìrìn kúkúrú pẹ̀lú àgbò tó ti gbó, tí ẹ bá so ó mọ́ ìdí ìwo méjèèjì. Ti àgbò kékeré ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Egungun àti ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìwo. Tó bá kán, ẹ̀jẹ̀ á dà, ẹwà rẹ̀ á sì ti lọ lójú ẹni tó fẹ́ fi ṣọdún.

Ìjánu la fara mọ́. Okùn òwú tó rọ̀, tó nípọn tó ìka ọwọ́ kékeré, tó gùn tó mítà 3, ló yẹ fún un. Okùn ọ̀rá aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń di ẹrù máa ń gé imú, kókó rẹ̀ sì máa ń yọ́. Ọ̀nà mẹ́ta ni okùn náà ń gbà: orí imú, ẹ̀yìn etí, abẹ́ àgbọ̀n. Ti abẹ́ àgbọ̀n ni kó máa fún tí ẹ bá fà, kó sì dẹ̀ tí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ti orí imú ni wọ́n ń ṣì ṣe jù. Ó gbọ́dọ̀ jókòó lórí egungun, bí ìbú ìka méjì sísàlẹ̀ ojú. Tó bá rọ̀ sílẹ̀ dé ibi tó rọ̀ nítòsí ihò imú, èémí lẹ dí yẹn. Àgbò á mi orí, á kúnlẹ̀, á ṣubú, wọ́n á wá ní ó lágídí.

Ọjọ́ kìn-ín-ní àti èkejì, ẹ so ó mọ́ òpó ní ìwọ̀n gíga orí rẹ̀, kí okùn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má kúrò níbẹ̀. Á fà, á jà, títí á fi ṣèèṣì tẹ̀ síwájú tí okùn á sì dẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ kẹta, ẹ di okùn mú kó le díẹ̀, ẹ má já a. Bí ẹsẹ̀ kan bá ti gbéra, ẹ dẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìgbésẹ̀ márùn-ún, ìsinmi, ìgbésẹ̀ márùn-ún. Ẹ kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà ilé tàbí sí àgùntàn mìíràn, torí ẹran tí kì í fẹ́ dá wà ni. Ẹkúnwọ́ èèrí ògì kan ti tó fún ẹ̀bùn. Àgbàdo púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á wú u níkùn, ó sì lè pa á. Bí ẹ bá ń ṣe é lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ méjì tó fún èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ̀gbẹ́ èjìká òsì rẹ̀ ni kí ẹ máa rìn, kì í ṣe iwájú. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá, kí ó má sì jẹ́ orúnkún yín ló máa ná an lé lórí. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má máa fi ọwọ́ ti iwájú orí rẹ̀ ṣeré. Ìjà ni wọ́n ń kọ́ ọ.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ajá ìbílẹ̀ tó ń rìn dáadáa: kọ́là pẹlẹbẹ tó fún tó bó ṣe yẹ, okùn mítà 1.8, ó parí. Ajá ńlá tó ń fà: bẹ́líìtì olórùka iwájú, kí ẹ so ó mọ́ kọ́là. Tí owó bá jẹ́ ti ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ ra bẹ́líìtì, kí ẹ gbé iṣẹ́ kọ́là fún aránbàtà. Ajá kékeré tàbí arúgbó: olórùka ẹ̀yìn. Ewúrẹ́ ilé: kọ́là tó fẹ̀. Àgbò tí ẹ rà ní oṣù kan ṣáájú ọdún: ìjánu, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tó délé, lẹ́yìn tó bá ti sinmi tó sì ti mumi.

Èyí tí ẹ rà nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má wulẹ̀ kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ẹ wá kẹ̀kẹ́ Maruwa, ẹ tẹ́ àpò sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹnì kan jókòó tì í, kó di ìjánu rẹ̀ mú kúkúrú, kí orí rẹ̀ má baà yọ síta.